Ènì Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Kí n tó lọ sí Wárì, ẹni mẹ́ta ló fi ìlú náà dẹ́rù bà mí níbí ní Gbọ̀ngán, kò sì sí èyí tó dé ibẹ̀ rí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnìkan ní kí n má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú títì. Ẹnìkejì ní bí mo bá máa dá wọn lóhùn, kí n má sọ Yorùbá. Ẹnìkẹta, àbúrò ìyá mi ni, ní kí n di gààrí dání, nítorí pé oúnjẹ wọn máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́fun. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn nìkan ló fẹ́ jọ òótọ́, àmọ́ ìka ọwọ́ ló ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀fun.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, ẹ ó rántí pé òun ni akọ̀wé oníwọ̀n ní sítọ̀ kòkó tó wà lọ́nà Òde-Òmu. Ìwọ̀n lèmi náà ń gbé kiri, àmọ́ tèmi ju ti kòkó lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà nílẹ̀ Áfíríkà yìí tí wọn kì í gba ọjà wọlé àfi tí ẹnìkan bá ti yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó ti ń bọ̀, tó sì fọwọ́ sí i pé ohun tí wọ́n kọ sára ọjà náà ló wà nínú rẹ̀, kò dín, kò lé. Satífíkéètì ni gbogbo wa ń pe ìwé náà. Bí ọjà bá dé èbúté wọn láìsí i, wọ́n lè dá a padà, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí ni ilé-iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn ti ń rán mi kiri ṣe láti ọdún méjìdínlógún. N kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, edé gbígbẹ ni wọ́n ní kí n lọ yẹ̀ wò, ogójì páálí tó ń ti Wárì lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Ọjọ́ Ajé ni mo gbéra. Ọkọ̀ ẹrù yóò wá kó àwọn páálí náà ní Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀. Bí mi ò bá tíì fọwọ́ sí ìwé nígbà náà, ọkọ̀ yóò lọ láìkó wọn.

Lójú ọ̀nà

N kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ìwọ̀n mi sínú búùtù ọkọ̀. Bí ó bá forí gbá nǹkan, kò ní sọ òótọ́ mọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo fi pọn àkọ́bí mi ni mo máa ń fi wé e, èyí aláwọ̀ ọ̀run tó ti ṣá, n ó sì gbé e lé itan. Báyìí ni mo gbé e la Ifẹ̀ àti Oǹdó kọjá títí a fi dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí ìyá kan ti wọkọ̀ tó sì jókòó tì mí. Ará Wárì ni. Ó ń wo itan mi láti Ọ̀rẹ̀ lọ, kò sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Bìní.

"Madam, your pikin dey sleep well well o," ló wí. "E never cry since."

Mo ní kì í ṣe ọmọ. Ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo ní ìwọ̀n ni. Ó ṣí etí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó tún fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dà á bò ó, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ fún ará iwájú, ó sọ fún ará ẹ̀yìn. "Una see this madam? She carry scale for lap from Yoruba side, she cover am make cold no catch am." Kí a tó dé Sápẹ́lẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ti ń pè mí ní Madam Scale. Inú bí mi, mo kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Sápẹ́lẹ̀, bàbá kan tí n kò mọ̀ rí na ọwọ́ mú ọ̀rá omi tútù kan fún mi láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó ní, "Madam Scale, give your pikin water." Mo gbà á. Ẹ̀rín tí mo ti ń gbé mì láti Bìní já bọ́ lẹ́nu mi níbẹ̀.

Effurun

Orúkọ Madam Scale bá mi sọ̀kalẹ̀ ní Effurun, ẹnu ọ̀nà Wárì. Ìyá tó jókòó tì mí ló bá mi pe kẹ̀kẹ́, ó sì fa orúkọ mi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará wa, n kò rí ibi tí kẹ̀kẹ́ pọ̀ tó ibẹ̀ rí láyé mi, òmíràn ń kọjú síbí, òmíràn ń kọjú sọ́hùn-ún, gbogbo wọn ló sì gbà pé àwọn ló ni ọ̀nà. Mo sọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì mi ní Airport Road fún awakọ̀ náà ní òyìnbó tí wọ́n kọ́ mi ní ilé-ìwé. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Aunty," ló wí, "why you dey read news for me?"

Ohun tó ṣòro fún mi jù níbẹ̀ nìyẹn. Nílé wa, ẹ ó kọ́kọ́ kí èèyàn, ẹ ó béèrè ilé, ẹ ó béèrè ọmọ, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ lè bá a ṣàwàdà. Ní Wárì, àwàdà ni ìkíni. Ẹni tí kò rí ẹ rí yóò bá ẹ ṣe ẹ̀fẹ̀ bí ọ̀rẹ́ àtijọ́, bí o bá sì fajú ro, òun ni yóò bi ọ́ léèrè ohun tó ṣe ọ́. Mo rí ọkùnrin méjì lẹ́bàá títì tí wọ́n ń jágbe mọ́ ara wọn, ọwọ́ ń fò sókè. Mo ya sẹ́yìn, mo ń retí ìjà. Ibi tí wọ́n máa lọ jẹun ni wọ́n ń jíròrò lé lórí. Orílẹ̀-èdè mi ni mo wà, owó ibẹ̀ ni mo ń ná, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu ni wọ́n ń mọ̀ pé àlejò ni mí.

Nílé Ìyá Ìbùkún

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo dé ilé elédé ní Igbudu, kò jìnnà sí ọjà. Yàrá méjì àti ẹ̀yìnkùlé ni. Ìyá Ìbùkún ni wọ́n ń pe ìyá náà, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí òkun ni wọ́n bí i sí, ọkọ ló gbé e wá sí Wárì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bí ó ti fi ohùn Ìlàjẹ dáhùn, mo ní láti tẹ́tí dáadáa, àmọ́ Yorùbá ni, ara mi sì wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọ̀rẹ̀.

"Ọma mi, káàbọ̀. Jókòó. Ebi á ti máa pa ẹ́."

Púpurú, oúnjẹ pákí àwọn Ìlàjẹ, ló ti rò sílẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù tó ń ta sánsán débi tí mo dúró sí. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ má bínú, mi ò lè jẹun."

"O ti jẹun?"

"Rárá, mà. Òfin iṣẹ́ wa ni. N kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ ẹni tí mo ń yẹ ọjà rẹ̀ wò, àfi tí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé tán. Omi pàápàá."

Ó yíjú sí Ìbùkún, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó ń bójú tó gbogbo ìwé ọjà náà. Ìbùkún gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ Píjìn ló fi ń dáni lóhùn. "Mummy, na their law. If she chop your food, people fit talk say you bribe am."

"Púpurú?" Ìyá Ìbùkún wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Púpurú ni bráìbù?"

Ó gbé ìdérí bo ọbẹ̀ náà, ó jókòó ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo rí i pé ó dùn ún. Mo tú ìwọ̀n mi kúrò nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò sí ohun tí mo lè bá wí lára edé náà. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó gbẹ dé inú, kò sí iyanrìn, kò sí kòkòrò. Ọ̀rá mẹ́rìnlélógún ló wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù sára gbogbo wọn. Mo mú ọ̀rá kan níbí, mo mú òmíràn lọ́hùn-ún. Èyí àkọ́kọ́ fi gíráàmù méjìlélógójì lé. Ìkejì fi méjìdínlọ́gbọ̀n lé. Ìkẹta fi ọgọ́ta lé. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ ló ti ba ìwọ̀n mi jẹ́. Mo gbé irin tí a fi ń dán ìwọ̀n wò lé e, ìwọ̀n mi sọ òótọ́. Mo wọn ogún ọ̀rá, kò sí èyí tó dín, gbogbo wọn ló lé, kò sì sí méjì tó bára mu.

Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọjà tó dín ni mo ń mú. Mo ti mú epo tí wọ́n fi omi là. Mo ti mú àpò tí wọ́n fi òkúta sí nísàlẹ̀. N kò tíì rí ọlọ́jà tó ń ja ara rẹ̀ lólè rí.

"E no possible," ni Ìbùkún wí. "Na me weigh everything. Five hundred, five hundred. I no even breathe."

"Lẹ́yìn tí o bá wọ̀n ọ́n tán, ta ló ń dí ẹnu ọ̀rá?"

"Na Mummy. She dey seal am for back."

Àwa méjèèjì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ìbùkún ò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

"Ènì ni," ló wí.

"Mummy. Which ènì?"

"Ènì edé. Ṣé o fẹ́ kí n máa ta edé láìfi ènì sí i?"

Ìbùkún jókòó lé páálí kan. Mo sọ fún un pé kó dìde lórí ọjà tí mo ń yẹ̀ wò lọ́wọ́, ó sì dìde, ó lọ fi orí ti ògiri. Mo wá ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Mo ní àpapọ̀ ọjà náà wà nínú ìwé, bí wọ́n bá sì gbé e lé ìwọ̀n ní Gàbọ́ọ̀nù tó lé, wọn ò ní pè é ní ènì. Wọ́n á ní ọjà kan wà níbẹ̀ tí a fi pamọ́ fún ìwé, wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ogójì páálí. Mo ní a ò sì lè yí ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá padà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í bu iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí a tú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí a dín in kù, kí a tún un dí, nìkan ló kù.

"Ta ló ń bínú pé wọ́n fún òun lé?" ló bi mí.

"Kọ́sítọ́ọ̀mù, mà."

Kò pariwo rárá. "Ọma mi, láti kékeré ni mo ti ń ta edé. Ẹni tó ra ẹ̀kún agolo kan lọ́wọ́ mi, n ó fọwọ́ bu díẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún yẹn ò lè rí ojú mi. Wọn ò lè gbọ́ ohùn mi. Ènì yẹn nìkan ni wọ́n fi lè mọ̀ pé èèyàn ló tà á fún wọn. Àwọn ni kí n wá ṣahun sí?" Ó dìde, ó di abọ́ púpurú rẹ̀ mú. "Bí Gàbọ́ọ̀nù ò bá fẹ́ ènì, kí Gàbọ́ọ̀nù máa lọ pa edé tirẹ̀." Ó wọlé lọ.

Ìbùkún sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún mi pé òun fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí ọjà yìí, ó sì lé ní ọdún kan tí òun fi bẹ oníbàárà kan ní Gàbọ́ọ̀nù kí ó tó gbà láti ra edé àwọn. Ọkùnrin náà ti sọ pé bí ọjà àkọ́kọ́ ò bá dé lásìkò pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ibòmíràn ni òun yóò ti máa rà. Mo bi í léèrè ohun tó mú kó fẹ́ ọjà náà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dun ìyá òun, kò lè nàró dáadáa bí ó bá ti ọjà dé.

"Aunty, I no wan make she die for inside that market sun," ló wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo rìn lọ pẹ̀lú ìwọ̀n mi láyà. Ká sọ òótọ́, n kò fẹ́ràn ara mi lọ́jọ́ náà.

Sítáàsì

Ilé oúnjẹ kan wà ní òdìkejì òtẹ́ẹ̀lì mi, Mama Efe ló ni ín, ọmọ Ùròbò ni. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ sítáàsì àti ọbẹ̀ báńgà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ògì pákí ni wọ́n ń fi epo rò títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, omi ẹyìn ni wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀, ó kún fún ẹja àti ìpẹ́ẹ̀rẹ́. Bí mo ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni sítáàsì di ìka mi mú, ó kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀. Mama Efe wò mí títí tí àánú mi ṣe é. Ó wá jókòó kọjú sí mi, ó fi hàn mí pé ọbẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fi ìka bọ̀, lẹ́yìn náà a óò wá gé òkèlè.

"Yoruba people too dey hurry," ló wí. "Greet the soup first."

Mo kí ọbẹ̀. Oúnjẹ náà sì wọlé wẹ́rẹ́, ó dùn débi pé mo gbàgbé pé inú mi bàjẹ́. Bí ó ti ku díẹ̀ kí n jẹ tán, ó tún gé sítáàsì kan sínú abọ́ mi, ó bu ọbẹ̀ lé e.

"I no ask for this one o," mo wí pẹ̀lú Píjìn mi tí kò tíì jinná.

"Na jara." Bí wọ́n ti ń pe ènì níbẹ̀ nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà béèrè. "You no be person?"

Ó lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Èmi jókòó sídìí oúnjẹ náà, bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn àgbẹ̀ kòkó kì í fẹ́ràn ìwọ̀n, ẹ̀yin náà mọ̀, bàbá mi kì í sì í fi ìdajì kílò ṣeré fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe àna rẹ̀. Àmọ́ tí ó bá ti kọ iye náà sílẹ̀ tán, yóò pa ìwé dé, yóò dìde kúrò nídìí tábìlì, yóò wá mú obì kan láti inú àpò ara rẹ̀ fún àgbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún olówó àti tálákà. Mo bi í léèrè rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní, "Ti ìwọ̀n ti parí. Èyí ni tèmi."

Ọjọ́rú

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo tún ìwé òfin wa kà, ojú ìwé tí n kì í sábà yà sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọlọ́jà lè fi àpò kékeré kan tí kì í ṣe fún títà rán sí oníbàárà, kí wọ́n lè tọ́ ọ wò, bí ó bá ṣáà ti ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé, tí wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé kò ní iye owó. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Igbudu.

Ìyá Ìbùkún kí mi dáadáa. Kò fi oúnjẹ lọ̀ mí. Ìyẹn dùn mí ju bí mo ti rò lọ.

Mo sọ ohun tí mo kà fún un. Mo ní kí a yọ ènì kúrò nínú gbogbo ọ̀rá, kí a kó èyí tí òfin gbà sínú àpò kan ṣoṣo, kí oníbàárà náà máa fọwọ́ bù ú fún ẹni tó bá ra edé. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Ènì tí a bá kọ sínú ìwé," ló wí, "ṣé ènì ṣì ni?"

Ìwé òfin ò dáhùn ìyẹn. Mo wá sọ ti bàbá mi fún un, àti ti obì, àti ohun tó wí fún mi. Ó ń fi ọwọ́ tọ́ eteetí ìró rẹ̀.

"Ṣé àwọn àgbẹ̀ yẹn gba obì náà?"

"Wọ́n gbà á, mà."

"Wọ́n sì ń padà wá?"

"Nígbà tí bàbá mi kú, obì ni wọ́n gbé wá. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta." N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wúwo lọ́kàn mi tó bẹ́ẹ̀, àfi bí omijé ṣe lé ròrò sójú mi níwájú ẹni tí mo wá yẹ ọjà rẹ̀ wò.

Ìyá Ìbùkún fọwọ́ ti ògiri, ó dìde. "Ìbùkún, lọ pe àwọn ìyá ìjọ wa."

Obìnrin mọ́kànlá ló wá, Ìlàjẹ lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ ará Ùròbò méjì tó jẹ́ aládùúgbò náà wá, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé iṣẹ́ wà. Wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n fi ìborùn wé irun, wọ́n tẹ́ ẹní mímọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan ń gé orí ọ̀rá, Ìbùkún ń wọ̀n, àwọn kan ń fi iná dí i padà. Iṣẹ́ Ìyá Ìbùkún ni pé kí ó yọ ènì. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é, òun lòun fi í sí i. Ní ogójì ọ̀rá àkọ́kọ́, ó ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń bù ú kúrò pé, "Ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà, ó ń yọ ọ́ láìsọ̀rọ̀.

N kò gbọdọ̀ bá wọn tún ọjà náà dí. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ṣọ́ ìwọ̀n. Wọ́n ń fi mí ṣeré ní èdè mẹ́ta. Obìnrin kan, tó ti gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi wá, ní kí wọ́n bi Madam Scale bóyá òun náà fi gíráàmù lé, nítorí pé ìdí òun wúwo. Mo ní ìwọ̀n mi kò lè gbé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí edé fi fẹ́ dànù, mo sì ní láti pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a dí ọ̀rá tó kẹ́yìn.

Mo tún mú ogún ọ̀rá, èyí tó wù mí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọ̀kan fi gíráàmù kan lé, òfin gbà á. Gbogbo ènì tí wọ́n yọ ga lórí ẹní bí òkìtì. Wọ́n kó ìwọ̀nba tí òfin gbà sínú àpò funfun kan, Ìyá Ìbùkún sì pín èyí tó kù fún àwọn obìnrin náà. Mo wọn àpò funfun náà, mo kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, mo fi òdo sí ibi iye owó.

"Wetin we go write for the body?" ni Ìbùkún bi ìyá rẹ̀. "English abi French?"

"Yorùbá ni kó o kọ. Kí wọ́n wá ẹni tó máa kà á fún wọn."

Ó pè é, Ìbùkún sì ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú bírò dúdú. Nígbà tó parí, ìyá rẹ̀ ní kí ó kà á sókè. Ìgbà yẹn nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ náà. Ó kà á bí ọmọ ilé-ìwé: "Ènì, àpò kan. Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ tún padà wá."

Mo fọwọ́ sí ìwé.

Oúnjẹ

Bírò ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi nígbà tí abọ́ dé iwájú mi. Púpurú gbígbóná, ọbẹ̀ ẹja tútù. Ìyá Ìbùkún fúnra rẹ̀ ló bù ú. Ó fi orí ẹja sí i, ó wò mí, ó tún fi ìrù ẹja sí i.

"Ènì nìyẹn," ló wí. "Ṣé n ó kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, mà." Mo jẹ ẹ́ tán. Mo fi ìka lá abọ́ níwájú gbogbo ìyá ìjọ, èmi tí n kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti ń kó páálí sínú ọkọ̀ nígbà tí mo yà kí wọn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ìbùkún sì dúró ti ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò ó títí ó fi yà sí kọ́nà. Ó ní òun ò rí i pé ọjà òun wọkọ̀ lọ kí òun má tẹ̀lé e rí.

Gbọ̀ngán

Mo ti padà sílé fún oṣù méjì nígbà tí ọ́fíìsì mi fi ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Edé gbígbẹ, láti Wárì sí Gàbọ́ọ̀nù. Ọgọ́ta páálí ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo ka ìlà kọ̀ọ̀kan bí mo ti máa ń kà wọ́n. Ìwé tí oníbàárà náà fi béèrè ọjà wà nínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní Faransé. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni kì í ṣe Faransé. Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ó ṣáà dà á kọ láti ara àpò funfun náà ni, ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́: ENI, APO KAN. Níbi tó yẹ kí iye owó wà, ó fi òdo sí i.

Mo pe Ìbùkún lórí fóònù. Ó ní ìyá òun kì í lọ sọ́jà mọ́ àfi ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, òun sì ń bá a jà lórí ọjọ́ méjì náà pàápàá. Ó ní ìyá òun ti ń béèrè ọjọ́ tí ọma rẹ̀ oníwọ̀n ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ. Ìwọ̀n ti wà nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àbúrò ìyá mi tún ti wá sọ fún mi pé kí n di gààrí dání, lọ́tẹ̀ yìí mo sì gbà sí i lẹ́nu. Gààrí Gbọ̀ngán ni, ó funfun, ó kan dáadáa. Bí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé tán, tí mo sì pa á dé, n ó dìde, n ó gbé e fún Ìyá Ìbùkún. Ẹ̀kúnwọ́ mi ni mo fi bù ú sínú àpò. N kò wọ̀n ọ́n.